Fọ́tò Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Káàdì Jámánì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè orúkọ, mi ò lè dá a. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi fún ọdún méje. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi títí wọ́n fi kú. Aṣọ ni mo ń rán ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Mo ti yí orúkọ àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ wá lè dá wa mọ̀. Kí onítọ̀hún jọ̀ọ́ bò mí láṣìírí.

Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí wọ́n fa ọ̀rẹ́ mi lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, pé opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ opó ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ kì í gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́. Ọkọ mi rò pé àìsàn ló ń ṣe mí.

Rìsí ni orúkọ ọ̀rẹ́ mi yìí. Lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ aṣọ rírán. Èmi ni ẹlẹ́nu nínú àwa méjèèjì, òun ni onísùúrù. Tí mo bá jó aṣọ oníbàárà, òun ni yóò lọ bẹ ọ̀gá wa. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà náà, bí mi ò tilẹ̀ jẹ́ sọ ọ́.

Múfútáù, ọmọ àdúgbò wa, ti lọ sí Jámánì ó ti tó ọdún márùn-ún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà kò tíì padà gba ìjọba nígbà náà. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Múfú, kò mọ̀wé. Lásísì, àbúrò Múfú, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìlá sí Ọ̀rà, ìwé tirẹ̀ náà kò ju kó kọ orúkọ ara rẹ̀ lọ. Nítorí náà, èmi tí mo ka ìwé díẹ̀ ni mo ń bá Màmá kọ lẹ́tà sí Jámánì, èmi ni mo sì ń ka èyí tó bá dé. Wọ́n fọkàn tán mi débi pé wọn kì í já lẹ́tà fúnra wọn. Bí wọ́n bá ṣe gbà á ní pósítọ́fíìsì ni wọ́n á ṣe gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ mọ bó ṣe ń rí nígbà náà. Tí ọmọ bá ti pẹ́ lókè òkun, ẹ̀rù á máa ba ìyá rẹ̀ pé òyìnbó á gbà á mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n á bá a fẹ́ ìyàwó sílé. Lọ́jọ́ ìsoyìgì, wọ́n á gbé fọ́tò ọkọ sórí àga, àbúrò rẹ̀ á gba yìgì lórúkọ rẹ̀, ìyàwó á wọlé ọkọ, á máa retí ìwé ìrìnnà. Ìyá Múfú rí Rìsí, wọ́n ní ẹni tí àwọn ń wá nìyí. Múfú ti kọ ọ́ nínú lẹ́tà kan tẹ́lẹ̀ pé, "Ẹni tó bá wù yín, ẹ bá mi máa wò ó." Ìyẹn ni Màmá dì mú. Bàbá Rìsí náà gbà. Ta ni kò ní gbà nígbà náà, tí wọ́n bá ní Jámánì?

Màmá ní àwọn ò fẹ́ ariwo, pé èyí tó tóbi á di ìgbà tí ọmọ àwọn bá dé. Ogún èèyàn péré nínú pálọ̀ àwọn, kí áfàá so yìgì, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n túká. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe pálọ̀ náà lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí gan-an ni ìgbéraga mi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, tí a bá ní ká ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ní Ìlá, màrìwò lẹ́nu ọ̀nà àti bébà aláwọ̀ mèremère ni gbogbo rẹ̀. Ó sú mi. Mo sọ fún Rìsí pé pálọ̀ Màmá ni mo máa sọ di Jámánì, kó lè dà bíi pé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti so yìgì rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ gbé mi dé Jámánì láìwọ bàálù ni?"

Mo ní, "Ìwọ ṣáà jókòó. Màá gbé ẹ dé ibẹ̀."

Mo bá Màmá kọ lẹ́tà sí Múfú pé kó fi káàdì tó ní àwòrán ìlú tó wà ránṣẹ́, kí a lè fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Mo kọ ọjọ́ tí a fẹ́ so yìgì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ta aṣọ búlúù bo ara ògiri. Lásísì bá mi ra òwú lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Ọ̀rà, mo gbọ̀n ọ́n, mo so ó mọ́ àwọn ẹ̀ka igi gbígbẹ, kó lè dà bíi yìnyín tí Múfú sọ fún wa nínú lẹ́tà. Mo fi bébà dídán inú páálí sìgá ṣe bàálù kéékèèké, mo so wọ́n rọ̀ sókè àjà. Mo yá kóòtù nípọn kan lọ́wọ́ tíṣà tó ti ìlú òyìnbó dé, pé òun ni ìyàwó máa wọ̀. Mo wá kan pákó pẹlẹbẹ kan, mo fi aṣọ funfun bò ó, èyí tí mo fẹ́ to káàdì sí lẹ́yìn ibi tí ìyàwó máa jókòó. Pákó yẹn ni olórí iṣẹ́ mi. Ó ṣófo, à ń retí Múfú.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a so yìgì nígbà tí Màmá gbé àpò ìwé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fi etí ìborùn nu ojú. Mo já a. Káàdì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Afárá wà nínú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì onílé gogoro wà níbẹ̀, ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀. Ó rẹwà lójú mi. Mo ń ṣí wọn lọ ni mo kan fọ́tò kan láàárín wọn.

Múfú ló wà nínú rẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ọmọ kékeré kan wà lórí itan rẹ̀, á tó ọmọ ọdún méjì, iwájú orí Múfú gan-an ló gbé. Mo yí i padà. Ohun tó kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kúrò lójú mi títí dòní: "Màámi, ìyàwó mi àti ọmọ mi nìyí. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má so yìgì ọmọ ọlọ́mọ mọ́ mi lọ́rùn."

Màmá bi mí pé, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní kí n kí yín, Màmá. Ó ní káàdì tí òun rí nìyí."

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mi ò jókòó rò ó. Màmá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣàdúà fún ọmọ wọn, wọ́n wá ṣàdúà fún èmi náà pé Ọlọ́run á fún mi ní ọwọ́ tó ń ríṣẹ́ ṣe. Mo ṣe àmín.

Mo ti wá àwáwí fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ní ewúrẹ́ ti wà lórí ìso. Mo ní wọ́n ti pe àwọn èèyàn. Mo ní mo fẹ́ sọ fún Lásísì lọ́jọ́ kejì, kó lè fọgbọ́n sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ tán nínú wọn. Obìnrin kan ń bọ̀ láti Èkó, mọ̀lẹ́bí Màmá, tí wọ́n ní ó máa ń bá àwọn ọlọ́rọ̀ ṣètò ìgbéyàwó. Mo fẹ́ kó rí iṣẹ́ mi. Mo ti ń rí ara mi ní Èkó. Tí wọ́n bá tú ìgbéyàwó náà ká, òwú lásán ni mo so mọ́ igi.

Ohun kan tún wà, ó wúwo fún mi láti kọ ọ́. Gbogbo àdúgbò ti ń pe Rìsí ní Ìyàwó Jámánì, èmi ṣì wà níbi ẹ̀rọ mi. Nígbà tí mo ka ẹ̀yìn fọ́tò yẹn, inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀. Díẹ̀ ni, kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì máa bú mi. Mo ti bú ara mi.

Mi ò jó fọ́tò náà. Mo rò pé bí mo bá jó o, mo ti di ìkà nìyẹn, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì wà, mo ṣì lè mú un jáde nígbàkígbà. Mo po lẹ́ẹ̀lì, mo lẹ fọ́tò náà mọ́ ẹ̀yìn káàdì tó ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo wá lẹ káàdì náà mọ́ àárín pákó. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn èèyàn ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kí mi pé mo kúṣẹ́.

Ọjọ́ pé. Rìsí wọ kóòtù nípọn sórí aṣọ funfun, òógùn bò ó, ó sì kọ̀, kò bọ́ ọ. Fọ́tò Múfú wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pákó mi wà lẹ́yìn wọn. Bí áfàá ṣe wọlé, tí wọ́n rí òwú lára igi, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Òwú kẹ̀? Ṣé òkú la fẹ́ tẹ́ ni, tàbí yìgì la fẹ́ so?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ ohun tí à ń fi òwú funfun ṣe fún òkú. Èmi tí wọ́n bí sínú ẹ̀sìn, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Mo ti kó sínú Jámánì jù.

Lásísì gba yìgì lórúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin Èkó yẹn yí pálọ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí ní Èkó pàápàá. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà. Inú mi dùn, fọ́tò yẹn sì wà lẹ́yìn orí ọ̀rẹ́ mi.

Obìnrin Èkó náà kò ránṣẹ́ pè mí rí.

Nígbà tí mo fẹ́ tú ọ̀ṣọ́ náà, Rìsí ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi pákó náà sílẹ̀ fún òun, pé òun á gbé e kọ́ sí yàrá tí Màmá fún òun. Èmi gan-an ni mo bá a kàn án mọ́ ògiri. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Màmá ní kí n kọ̀wé sí Múfú pé a ti so yìgì, pé ìyàwó rẹ̀ ti wọlé. Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, èsì dé. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ: "Mo ti sọ tẹnu mi fún yín. Ẹ kọ̀, ẹ ò gbọ́. Mi ò ní kọ̀wé mọ́." Màmá àti Rìsí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn òun. Ó ní kí ẹ fara balẹ̀." Ọkùnrin yẹn rò pé ìyá òun kọ etí ikún sí òun. Bó ṣe bínú sí ìyá rẹ̀ títí nìyẹn, ìyá kò mọ nǹkan kan.

Ọdún kan kọjá, ọdún méjì kọjá. Ìyàwó Jámánì tí wọ́n ń fi yọ̀ mọ́ Rìsí di ohun tí wọ́n ń fi bú u. Bí nǹkan ṣe wá wọ́n gógó, tí àwọn tó lọ sókè òkun pàápàá kò rántí ilé, àwọn obìnrin á máa bi í pé ṣé bàálù tirẹ̀ kò tíì gbéra ni. Ó ń pọn omi fún Màmá, ó ń fọṣọ fún Màmá, ó ń rán aṣọ ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ọdún kẹrin, tíṣà kan láti Ìgbájọ fẹ́ràn rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ní òun á bá ẹbí sọ̀rọ̀, òun á ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ. Rìsí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn, pé èmi ni mo ń ka lẹ́tà Múfú, èmi ni mo mọ ọkàn rẹ̀. Ẹ̀rọ ni mo ń wà. Mi ò dá ẹsẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ló yé o." Ó ní kò dáa kí òun já ọkọ òun kulẹ̀ níbi tó ti ń ṣe làálàá. Tíṣà náà fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ti bí ọmọ méjì báyìí.

Lọ́dún yìí ni wáyà dé pé Múfú kú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Ire, ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: ó ṣàìsàn, ó kú, wọ́n ti sin ín. Kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wáyà. Màmá ti ń darúgbó, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ nínú ẹkún wọn ni pé, "Ọmọ mi lọ láìfi ọmọ sílẹ̀! Ọmọ mi ò lápẹẹrẹ láyé!" Mo dúró tì wọ́n. Mo mọ̀ pé ọmọ-ọmọ wọn wà láyé, á ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Wọ́n ní kí Rìsí wọlé opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, fún ọkùnrin tí kò bá sọ̀rọ̀ rí láyé. Ó ń ṣe é bó ti yẹ. Kì í jáde, kì í lo òórùn dídùn, aṣọ kan ṣoṣo ló ń wọ̀. Àwọn àgbà ilé sì ti sọ pé bó bá ti jáde, Lásísì ni yóò ṣú u lópó. Lásísì ti ní ìyàwó méjì, wọn kì í sì fẹ́ rí ara wọn. Àwọn méjèèjì ti ń pe Rìsí ní ẹrù òkú. Mo bi í pé ṣé ó gbà. Ó ní, "Níbo ni mo tún fẹ́ lọ? Ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ni."

Ẹ̀yin áfàá tó wà láàárín àwọn tó ń kàwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ọ̀nà fún mi. Yìgì tí ọkọ ní kí wọ́n má so, ṣé yìgì ni? Bí kì í bá ṣe yìgì, kí ni ọ̀rẹ́ mi ń ṣe nínú yàrá yẹn? Ẹ̀tọ́ wo ni ẹbí yẹn ní láti pín in bí ogún? Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó lè máa bá tirẹ̀ lọ lómìnira. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ṣì lè bímọ.

Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti sọ fún un náà pé lásán ni ọdún méje lọ. Mo ti sọ fún Màmá pé ọmọ wọn kú pẹ̀lú ìbínú sí wọn, nítorí tèmi. Lásísì lè lù mí. Ọkọ mi lè lé mi jáde. Mo ń bẹ̀rù gbogbo wọn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Rìsí ni mo ń bẹ̀rù jù. Ó lè má tilẹ̀ bínú. Ó lè kàn wò mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá mo lọ kí i. A jọ jókòó lórí ẹní. Ó wá ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan, kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní, "Nínú gbogbo lẹ́tà tó o kà fún wa, ṣé ó dárúkọ mi rí?"

Kò dárúkọ rẹ̀ rí. Kò mọ orúkọ rẹ̀ ju èyí tí mo kọ sí i lọ.

Mo ní, "Ó dárúkọ rẹ. Ó dárúkọ rẹ dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ mi, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi. Láti ìgbà tí wáyà ti dé, mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ti pé mo jẹ̀bi, mo jẹ̀bi. Ẹ gbàgbé èmi. Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀, lórí ẹní yẹn, kó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n fà yín lé Lásísì lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá sọ òótọ́ inú yín fún mi. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni Rìsí, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀?